Kí la máa pe co-production ní Yorùbá? Ọ̀rọ̀ mi lórí "ìfọwọ́sowọ́pọ̀", "àáró" àti "àjọrò-àjọṣe"

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Arábìnrin wa tó ń bá wọn túmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá ní London ló béèrè pé kí la máa pe co-production, ìyẹn káwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún jọ rò ó kí wọ́n sì jọ ṣe é, torí wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún un tọ́rọ̀ náà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì fẹ́ káwọn ìyá àti bàbá tó jẹ́ pé Yorùbá ló yé wọn jù lè kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin làwọn èèyàn ti dá lábàá báyìí: ìfọwọ́sowọ́pọ̀, àjọṣe, àjọpèsè àti àáró. Ẹni tó mú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wá ní ẹ jẹ́ ká kúkú lò ó kọ́rọ̀ tán níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbà pé kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n gan-an ni wàhálà tèmi.

Ẹ tan rédíò lásìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́ ẹ gbọ́: "Ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera." Kí ni wọ́n ń sọ? Wọ́n ń sọ pé ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbọ́mọ yín jáde, ẹ má ṣagídí. Ọlọ́pàá náà ń sọ ọ́, àwọn tó ń gba owó orí náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò burú látilẹ̀, ọwọ́ tó so mọ́ ọwọ́ ni, àmọ́ wọ́n ti lò ó lò ó débi pé tó bá ti ẹnu ìjọba jáde, ẹ gbọ́ràn sí wa lẹ́nu ló ń jẹ́ létí ará ìlú. Wọ́n á ti pinnu tán kí wọ́n tó pè yín. Tá a bá wá fi túmọ̀ co-production, ìyá tó bá ka ìwé yẹn ní Peckham, ní London níbẹ̀, á rò pé wọ́n ní kóun máa ṣe bí wọ́n bá ṣe wí ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwé yẹn ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí i.

Kí lohun tó ń sọ? Elinor Ostrom, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Indiana University ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde láwọn ọdún 1970, obìnrin yìí náà ló wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Nobel ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2009. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń wádìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ààbò kì í ṣe búrẹ́dì tẹ́nì kan á yan nílé ìyanbúrẹ́dì kẹ́nì kejì wá rà á. Táwọn ará àdúgbò ò bá lajú sílẹ̀, tí wọn ò bá fi tó ọlọ́pàá létí, tí wọn ò gbà láti jẹ́rìí, ọlọ́pàá lè pọ̀ bí eṣú, kò ní sí ààbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlera rí. Dókítà lè kọ oògùn ìfúnpá tó dáa jù láyé, òun kọ́ ló máa lò ó láàárọ̀, òun kọ́ ló máa dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ kù. Ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà fún wà nínú àwọn tó ń ṣe é, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Bùrọ̀dá tó dá àjọpèsè ní òun ló sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù, òótọ́ ni, ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù ẹ̀ náà nìyẹn. Nílé níbí, tẹ́ ẹ bá sọ fún ará ìlú pé ẹ fẹ́ jọ pèsè nǹkan, àpò ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Wọ́n á ní kí wọ́n mú búlọ́ọ̀kù wá, kí wọ́n mú yẹ̀pẹ̀ wá, káwọn aboyún ra òwú àti rọ́bà ìbọ̀wọ́ dání. Àwọn tó rántí Bamako Initiative ti 1987, ètò ìlera kan nílẹ̀ Áfíríkà, mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì lètò yẹn ní, káwọn èèyàn máa dá díẹ̀ nínú owó oògùn, kí wọ́n sì ní ẹnu nínú bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Lójú tèmi ẹsẹ̀ owó ló yára rìn, ẹsẹ̀ ẹnu ń wọ́ tuurutu lẹ́yìn. Àjọpèsè máa ran ẹsẹ̀ owó yẹn lọ́wọ́ ni. Ti àjọṣe, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ẹ̀ rí ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ń fi í túmọ̀ báyìí, láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àbí láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè, ó ti fẹ̀ jù.

Àáró ló dùn mọ́ mi nínú jù, torí ilé wa ló ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sóko mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á kóra jọ, lónìí wọ́n á kọbè lóko tèmi, lọ́jọ́ mìíì wọ́n á lọ sí tìẹ, títí á fi yí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn, kò sówó ńbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká pò ó mọ́ ọ̀wẹ̀ o. Ti ọ̀wẹ̀, ẹni tíṣẹ́ pọ̀ fún, bóyá ó fẹ́ kọ́lé ni o, bóyá oko àna ẹ̀ ló fẹ́ lọ ro, òun lá bẹ èèyàn, á sì wá oúnjẹ àti ẹmu dè wọ́n, kò pọn dandan kó padà lọ ṣe ti oníkálukú. Àmọ́ nínú méjèèjì, ẹ wò ó dáadáa, olóko ló mọ ohun tó fẹ́ gbìn. Kò sí ẹgbẹ́ àáró tó máa dé oko onísu kó ní ẹ jẹ́ ká jókòó ná, ká wò ó bóyá àgbàdo ló yẹ kó wà níbí. Wọ́n ń bá ọ ṣe é, wọn ò bá ọ rò ó. Rírò yẹn gan-an sì ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo co-production.

Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ ká ju àáró nù. Agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, Edgar Cahn, dá ètò kan sílẹ̀ láwọn ọdún 1980 tí wọ́n wá ń pè ní time banking: tí mo bá fi wákàtí kan bá ọ jókòó ti ìyá rẹ, ẹlòmíì á fi wákàtí kan kọ́ ọmọ mi níwèé, wákàtí agbẹjọ́rò ò sì ju wákàtí agbálẹ̀ lọ. Àáró pọ́ńbélé nìyẹn! Cahn fúnra ẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ co-production, bóyá ohun tó jẹ́ kẹ́ni tó mú àáró wá rí i pé wọ́n bára mu nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àáró fún time banking, ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu tán, kò sídìí láti wá òmíì.

Àpẹẹrẹ tí mo fi ń wọn gbogbo wọn, Abẹ́òkúta ló wà. Ní 1954 Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta náà, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, níbi tí ọsibítù àrùn ọpọlọ wà. Dípò kí wọ́n máa ti àwọn tó ní àrùn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú mọ̀lẹ́bí kan dání ó kéré tán, tí á máa dáná fún un, tí á máa fọṣọ ẹ̀, tí á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí á sì mú un padà wálé. Onílé ń gbowó ilé ẹ̀, ọsibítù bá abúlé ṣètò omi àti ìmọ́tótó, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn dókítà. (Lambo yìí náà ló wá di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé.) Àwọn Yorùbá máa ń ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní, ẹ wá wo Aro, oníkálukú ló ní nǹkan tó mú wá: dókítà ní oògùn, abúlé ní ilé àti sùúrù, mọ̀lẹ́bí ló mọ ìgbà tí oorun ò kùn ún mọ́ àti ohun tó ń bí i nínú. Bí baálé àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá ní àwọn ò fẹ́, kò sí ètò kankan níbẹ̀. Ìgbọ́ràn kọ́ ló gbé e ró.

Ohun tí mo mú wá ni àjọrò-àjọṣe. A jọ rò ó, a jọ ṣe é. Ẹnì kan ti ní ó gùn jù. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ńkọ́, ṣé ìyẹn kúrú ni? Ìbéèrè tó lágbára ni ti ọ̀gá wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní ṣé aláìsàn á wá máa bá dókítà rò ó bóyá abẹ́rẹ́ ló yẹ àbí oògùn lílò. Rárá, mà. "Jọ" ò sọ pé ká jọ mọ ohun kan náà. Ẹ wo iṣẹ́ ivermectin, oògùn àrùn tí kòkòrò etí odò ń fà tó ń fọ́ èèyàn lójú. Merck, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà, ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1987, ètò ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 sì gbé pípín ẹ̀ lé abúlé lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ló pinnu iye hóró tó tọ́ sẹ́ni tó ga báyìí báyìí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn èèyàn, kò sẹ́ni tó du ìyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́. Àmọ́ ta ló máa pín in, ìgbà wo, ṣé ojúlé dé ojúlé ni àbí lójúde baálé, abúlé ló ń rò ìyẹn, torí àwọn ló mọ ìgbà tí gbogbo èèyàn ti lọ sóko.

Ìdí míì tí mo fi dúró lórí rírò yìí ni àwọn tí ìwé yẹn ń lọ bá. Ní England, iye ìgbà tí wọ́n ń fi òfin àrùn ọpọlọ dá èèyàn dúdú dúró lọ́sibítù ju ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó lọ tẹ́ ẹ bá fi iye wọn wé ara. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sọ́mọ ẹ̀, tó bá rí "ẹ wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa", á ká ìwé náà kó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá rí àjọrò-àjọṣe, ó ti ní ohun tó lè bi wọ́n ní mítìn: ẹ ní a jọ rò ó, ìgbà wo la rò ó? Ta lẹ pè?

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ tó bá wù yín sínú gbólóhùn méjì yìí kẹ́ ẹ kà á sókè fún àgbàlagbà kan nílé: "Àjọrò-àjọṣe ni ètò ìtọ́jú yìí, àwa àti ẹ̀yin ló ni ín." "Wọn ò ṣe àjọrò-àjọṣe lórí ẹ̀, wọ́n kàn wá ka ìwé sí wa létí ni." Èyí tó bá jókòó dáadáa nínú méjèèjì ni kí arábìnrin wa mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" tí wọ́n fi túmọ̀ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú ìwé yẹn, "àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò". Ó ń fìyà jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, àfi bíi pé wọn ò mọ nǹkan kan. Èmi á kọ "àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn ará àdúgbò", kí n fi mọ síbẹ̀, àfi tẹ́nì kan bá ní èyí tó dáa jù ú.