Kí la ó pe Bigfoot: egbére, ẹlẹ́sẹ̀ńlá, àbí onípasẹ̀ńlá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹnì kan bi wá ní orúkọ tí a lè fún Bigfoot, ẹ̀dá onírun tó jọ ìnàkí, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní àwọn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nínú igbó. Ìdáhùn méjì ti wọlé: egbére àti ẹlẹ́sẹ̀ńlá. N kò fara mọ́ ìkankan.

Egbére ní ìtàn tirẹ̀. Kúkurú ni, ẹní ló ń gbé kiri, ẹkún ló ń sun, ẹni tó bá sì rí ẹní náà gbà di olówó. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lára Bigfoot.

Ti ẹlẹ́sẹ̀ńlá ló dùn mí jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí fóònù. Ẹni tó bá kà á á ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá ni. Bí àmì tilẹ̀ pé, ẹni tí jàkùtẹ̀ mú lọ́kàn á kọ́kọ́ lọ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ní 1958, Jerry Crew tó ń wa katapílà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà agégẹdú ní Bluff Creek, Kalifọ́níà, bá ipasẹ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ó da POP sínú ọ̀kan, ó gùn tó íǹṣì 16. Ìwé ìròyìn Humboldt Times gbé e jáde, ariwo bá ta. Nígbà tí Ray Wallace, agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà yẹn, kú ní 2002, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹsẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ jáde, wọ́n ní òun ni bàbá àwọn fi ń tẹ ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà? Ipasẹ̀ ni wọ́n rí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá *onípasẹ̀ńlá*.

Sasquatch, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe Bigfoot, yàtọ̀ pátápátá. *Sásq'ets* ni àwọn Sts'ailes, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní British Columbia ní Kánádà, ń pè é, kí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ J. W. Burns tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1920 sí 1930. Lójú tiwọn, ó lè rìn láàárín ayé tí à ń rí àti èyí tí a ò rí. Àwòrán rẹ̀ wà lára àsíá wọn. Ó sún mọ́ iwin, mo gbà, ṣùgbọ́n iwin tiwa ni. Ẹ jẹ́ ká yá orúkọ náà lẹ́nu àwọn tó ni ín: Sásíkẹ́ẹ̀sì.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Yeti, irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ó wà lórí òkè Himalaya ní Éṣíà. Ní 1921 àwọn alágbàárù sọ pé *metoh kangmi* ló ni ipasẹ̀ orí yìnyín. *Metoh* ń tọ́ka sí ẹ̀dá tó jọ ènìyàn tó jọ béárì. Oníròyìn Henry Newman túmọ̀ rẹ̀ sí ohun ìríra, àṣìṣe náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí dòní.

Ìnàkí ńkọ́? Ìnàkí wà nínú igbó Ọmọ̀ àti ti Ìdànrè títí di ìsinsìnyí. Ẹ má ṣe fi orúkọ ẹran tó wà tọrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: kí ni wọ́n ń pe ẹran tí wọ́n ti rí ipasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ojú wọn ò tíì kan òun fúnra rẹ̀?