Ọ̀rá búráùn eku: ìwọ̀n ooru wo ni kí n fi ṣe ìpìlẹ̀?

Tóbi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ipa òtútù àti corticosterone (hómóònù wàhálà eku) lórí ọ̀rá búráùn eku, ìyẹn ọ̀rá tó ń sun oúnjẹ láti mú ara gbóná, ni mò ń ṣe fún másítàsì. Àwọn ìwé tí mo kà ní kí eku ìfiwéra wà ní “ooru yàrá”. Yàrá tiwa máa ń tó 29°C lọ́sàn-án; tí iná bá wà, AC á fà á wá sí 22. Èwo ni kí n dì mú? Ṣé mo sì lè fi corticosterone sómi mímu wọn?

Bọ̀dé: Òtútù ni 22°C jẹ́ fún eku. Ó tó nǹkan bí 30 kí ara rẹ̀ tó sinmi. “Ooru yàrá” àwọn Òyìnbó, eku tí òtútù ti ń mú ni: noradrenaline (kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára ń tú jáde nínú òtútù) ti ń ta ọ̀rá búráùn wọn jí, UCP1, purotéènì tó ń sọ oúnjẹ di ooru dípò ATP (agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń lò), sì ti pọ̀ níbẹ̀. Tí iná bá wá ń lọ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí o wọ̀n. Fi 30 ṣe ìpìlẹ̀. Ó rọrùn níbí ju 22 lọ: hita kékeré àti thermostat, kí ẹ̀rọ tó ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ wà nínú kéèjì gan-an, kì í ṣe lára ògiri.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní 30, ọ̀sẹ̀ kan ní 18, kí o tó lọ sí 5. Má jù wọ́n sí 5 lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè kú. Gbígbọ̀n ni wọ́n fi ń gbóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rá búráùn ò lè gba iṣẹ́ náà tán kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kí iye eku inú kéèjì àti òwú ìtẹ́ wọn dọ́gba, torí wọ́n máa ń rọ́ mọ́ra.

Ìyá Láàbù: Tóbi, omi dáa ju abẹ́rẹ́ lọ. Dídì mú eku nìkan ti tó láti gbé corticosterone rẹ̀ sókè. Àmọ́ kì í yòrò nínú omi lásán: po 10 mg mọ́ 1 mL ethanol, kí o fi omi kún un dé 100 mL. Ethanol 1% náà ni kí àwọn ìfiwéra máa mu. Wọn ìgò àti oúnjẹ, torí corticosterone máa ń jẹ́ kí eku jẹun gan-an, ìwọ á sì rò pé ọ̀rá búráùn nìkan ló mú un sanra. Gba ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀, ní wákàtí kan náà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọwọ́ bá ti kan kéèjì.

Tóbi: Ẹ ṣé, mà. Ṣé tí mo bá wọn iye UCP1 inú µg purotéènì kan, ó tó?

Bọ̀dé: Kò tó rárá. Òtútù ń mú gbogbo ọ̀rá náà tóbi. Corticosterone ń kó ọ̀rá sínú rẹ̀ títí á fi funfun. Gé èyí tó wà láàárín eegun èjìká, bó ọ̀rá funfun orí rẹ̀ kúrò, wọ̀n ọ́n, kí o ṣírò purotéènì inú rẹ̀ lápapọ̀, kí o wá fi iye UCP1 inú µg kan sọ ọ́ di púpọ̀. mRNA UCP1 (àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì náà) nìkan máa tàn ẹ́: ó ń lọ sókè láàárín wákàtí díẹ̀, purotéènì ń gba ọ̀sẹ̀.

Ìyá Láàbù: Kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹranko sì buwọ́ lu 5°C yẹn kó o tó ra eku.