Ẹ jọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ ni àbí sólà? Ẹja mi fẹ́ bàjẹ́!

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Jẹnẹrétọ̀ mi nọ́ọ̀kì láàárọ̀, iná ò sì wá látàná. Titus kún fìríísà. Ṣé kí n ra òmíràn ni, àbí kí n kúkú bọ́ sí sólà? Ta lẹ mọ̀ ní Kubwa, l'Abuja níbí? Kíákíá o, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ọ̀ffà: Fìríísà mélòó, mà? Báwo ló ṣe tóbi tó?

Bàbá Lugbe: Ẹ sá fún sólà! Ọmọkùnrin kan gbowó lọ́wọ́ mi lésìí, ó ní bátìrì lithium lòun gbé wá. Kò pé oṣù mẹ́rin, tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ó ti ń ké fíìn-fíìn. Mo ní kí wọ́n tú u. Bátìrì wẹ́wẹ́ inú láptọ́ọ̀pù ló tò sápá kan. Apá kejì, yanrìn ló dì sínú ọ̀rá, kó lè wúwo! Mo pè é, ó lóun wà ní Kano. Títí dòní, Kano náà ló wà.

Ìyá Ìbejì: Yanrìn kẹ̀?

Onísólà Gwarimpa: Bàbá, ẹ má torí olè kan bú gbogbo wa. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, lítà kan ò tó ₦200. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Oòrùn kì í gbowó.

Bàbá Lugbe: Oòrùn kì í gbowó, ìwọ ńkọ́?

Ará Kaduna: Oṣù kẹwàá 2024 tí wọ́n ba wáyà iná tó wá láti Shiroro sí Kaduna jẹ́, ó lé lọ́sẹ̀ kan tá a fi wà lókùnkùn. Sólà ló gbé mi ró. Ẹ ṣáà máa nu páńẹ́ẹ̀lì lásìkò ọyẹ́, eruku ibí yìí kì í ṣe kékeré.

Onísólà Gwarimpa: Ẹ ṣeun. Ẹ tún rántí pé tí fìríísà bá ń ta jí, iná tó ń fà ju èyí tó ń lò lẹ́yìn náà lọ. Ínfátà kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ò lè gbé e.

Ọmọ Nyanya: Ẹ kúkú yan ẹja náà lóru yìí. Ẹja yíyan náà ń tà.

Ọmọ Ọ̀ffà: Mà, fìríísà mélòó?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣé o. Mo ti ra jẹnẹrétọ̀ tòkúnbọ̀ aládùúgbò mi, ó ń dún lẹ́yìn ilé báyìí. Páálí kan ti rọ̀, ìyẹn la máa yan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé o! Èéfín ẹ̀ ń pani.

Ọmọ Ọ̀ffà: Wọn ò sì sọ iye fìríísà.