Ọkọ̀ tó ń mu dísù nílé epo ilẹ̀ òkèèrè: kí lojú yín rí?

Arìnrìnàjò

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà ìsinmi tó kọjá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti wa ọkọ̀ dísù kọjá ẹnubodè bá wa dá sí i. Ọdún 9 ni mo fi wa ọkọ̀ mi tí n kò ṣi epo rà sí i rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé ilẹ̀ Faransé ni mo ṣì í rà.

Ní Ìlú Ọba tí mo ti gbé e wá, ọwọ́ pọ́ǹpù dúdú ni wọ́n fi ń ta dísù, aláwọ̀ ewé ni ti bẹntiróòlù. Ó ti mọ́ mi lára débi pé dúdú ni ojú mi ń wá, n kì í ka nǹkan kan mọ́. A sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, a rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, epo ń tán lọ, ọmọ wa kékeré ń ké. Mo yà sílé epo kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí dúdú níbẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí wọ́n kọ GAZOLE sí, àti aláwọ̀ ewé méjì, SP95-E10 àti SP98. Mo wo GAZOLE, mo ní, "Gasoline tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wí nìyí, bẹntiróòlù ni." Mo sá fún un. Dísù gan-an ni orúkọ yẹn ń jẹ́ ní èdè Faransé! SP tí mo gbé ló jẹ́ bẹntiróòlù: "sans plomb", èyí tí kò ní òjé nínú. Ẹni tó ti ń ra dísù láti ọdún 9 kì í fiyè sí nọ́ńbà bẹntiróòlù.

Ẹnu pọ́ǹpù náà wọ inú táǹkì wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ewu àwa tá à ń wa dísù wà: ẹnu pọ́ǹpù dísù fẹ̀ tó bíi mìlímítà 25, ti bẹntiróòlù ò ju bíi 21 lọ. Bí ẹni tó ní ọkọ̀ bẹntiróòlù bá gbé ti dísù, ó sábà máa ń kọ̀ láti wọlé, onítọ̀hún á sì fura. Tiwa á wọlé ní tirẹ̀.

Ọkọ̀ ṣáná bó ṣe máa ń ṣe, torí dísù tó ṣẹ́kù nínú páìpù àti fílítà ló kọ́kọ́ mu. Kò pẹ́ tí a padà sójú ọ̀nà ni agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún kan-kan-kan bíi pé wọ́n ń lu irin nínú rẹ̀, iná ìkìlọ̀ tàn, ó kú. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tírélà tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo kó ìyàwó àti ọmọ jáde, a wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran, a dúró sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Faransé, èèyàn kò lè pe ẹni tó wù ú pé kó wá wọ́ ọkọ̀. Tẹlifóònù aláwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo fi pè wọ́n. Wọ́n fa gbogbo epo inú táǹkì, wọ́n pààrọ̀ fílítà, àmọ́ pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti bà jẹ́. Ọjọ́ 4 nínú ìsinmi wa ló bá a lọ.

Ta ló tún ti bá irú rẹ̀ pàdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ tí wọ́n ń pe dísù níbi tí ẹ dé, torí orúkọ ló ṣì mí lọ́nà.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ewu, sà. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Gíríìsì ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. A háyà ọkọ̀ dísù. Ilé epo tí a yà sí, òṣìṣẹ́ wọn ló ń báni rọ epo. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ síbi fèrèsé, ó ní, "Petrelaio?" Petrol ni mo gbọ́. Mo mirí, mo ń juwọ́: rárá, rárá, kì í ṣe petrol! Ó bá lọ gbé òmíràn. Ọlọ́run ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, ni mo bá rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹnu pọ́ǹpù tí wọ́n kọ 95 sí. Mo pariwo, mo nàka sí ibi tí wọ́n kọ DIESEL sí nínú ìdérí táǹkì. Petrelaio ni wọ́n ń pe dísù. Venzini ni bẹntiróòlù. Ohun tó tọ́ ló béèrè, èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó gbé ọkọ̀ háyà kúrò lójú kan, mo ti ya fọ́tò inú ìdérí táǹkì. Níbi tí n kò bá ti gbọ́ èdè wọn, fọ́tò ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Mo sì máa ń kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé pélébé kí n tó rìn. Ní Sípéènì, gasóleo ni dísù, gasolina ni bẹntiróòlù. Ítálì, gasolio àti benzina. Pólándì, ON ni dísù, Pb95 ni bẹntiróòlù. Ti Sípéènì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù: ta ló ti rẹ̀ tán tó máa mọ gasóleo yàtọ̀ sí gasolina?

Ọmọ Awakọ̀

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín bá mi gan-an. Bàbá mi wa tírélà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, "gáàsì" ni wọ́n ń pe dísù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ tí mo gbọ́njú bá ṣe ń pè é, ó sì ti mọ́ èmi náà lẹ́nu. Mo yá ọkọ̀ dísù ẹ̀gbọ́n mi ní New Jersey. Òfin ìpínlẹ̀ yẹn kò gbà kí oníbàárà fúnra rẹ̀ rọ bẹntiróòlù, torí náà òṣìṣẹ́ ló wá bá mi. Mo ní "gas". Ní Amẹ́ríkà, bẹntiróòlù ni gas.

Ó ti rọ tó gálọ́ọ̀nù 2 kí n tó gbóòórùn rẹ̀. Ti bẹntiróòlù máa ń ta nímú. Ti dísù wúwo, ó ń lọ́ràá. Mo ní kó dá a dúró, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn o!" N kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá fa gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n rọ dísù sí i, ọkọ̀ náà ṣì ń rìn dòní.

Ẹ tún mọ èyí: níbẹ̀, ọwọ́ aláwọ̀ ewé ni wọ́n sábà fi ń ta dísù. Ẹni tó bá ti Ìlú Ọba wá á rò pé bẹntiróòlù ni.

Mẹkáníìkì Dísù

Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò yí ló gba ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín là. Dísù kì í ṣe ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó nìkan, òun náà ni òróró tó ń jẹ́ kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀ lára ara wọn. Bẹntiróòlù máa ń fọ ọ̀rá yẹn dànù. Nínú ọkọ̀ òde òní, pọ́ǹpù yẹn lè ti epo pẹ̀lú agbára tó ju bar 2,000 lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì yẹn). Bí irin bá ń ha irin lábẹ́ agbára bẹ́ẹ̀, eérún rẹ̀ á bá epo lọ sínú injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju kí a fa táǹkì gbẹ lọ á wá di pípààrọ̀ ohun gbogbo tí epo ń gbà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò tilẹ̀ dìgbà tó bá ṣáná: bí iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti tàn, pọ́ǹpù kékeré inú táǹkì ti ń ti epo lọ. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ nítorí rédíò, ẹ má yí i nítorí fèrèsé.

Àwọn kan máa ń ní bí bẹntiróòlù tí a ṣì rọ bá kéré, kí a fi dísù kún un. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè fara dà á. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ òde òní nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní Yúróòpù, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo àmì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018, àmì kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù jákèjádò àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àmì róbótó ni ti bẹntiróòlù, pẹ̀lú E5 tàbí E10 nínú rẹ̀. Onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba ni ti dísù, B7 ló sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun láti ìgbà náà ní àmì yìí nínú ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá rí XTL nínú onígun mẹ́rin, dísù ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é gbà á láàyè.

Bàbá Tírélà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gbàgbé AdBlue. Kì í ṣe epo rárá. Omi mímọ́ ni, pẹ̀lú urea ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Táǹkì tirẹ̀ yàtọ̀, ìdérí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Nílé epo àwọn ọkọ̀ ńlá, ẹ̀gbẹ́ dísù gan-an ló ń wà. Ọ̀dọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rọ ọ́ sínú táǹkì dísù lóru ní Jámánì. Mo rí i kó tó ṣáná, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó ti ṣáná ni, ohun yẹn máa ń dì bí iyọ̀ nínú páìpù, ó sì ń jẹ irin.

Ti Sípéènì, gasóleo A ni kí ẹ rà. Gasóleo B, ti ẹ̀rọ oko ni, wọ́n pa á láró pupa, òfin kò gbà á fún ọkọ̀ ojú títì.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, bàbá. Mẹkáníìkì, ṣé kò sí ohun tí wọ́n lè fi dí ẹnu táǹkì ni?

Mẹkáníìkì Dísù

Ó wà, mà. Àwọn ọkọ̀ kan ti ní in láti ilé iṣẹ́ wọn: ìdènà tó jẹ́ pé ẹnu pọ́ǹpù tó fẹ̀ nìkan ló lè tì í ṣí. Wọ́n tún ń ta irú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lára ọkọ̀ háyà, torí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ní in. Kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa: ọ̀pọ̀ ìbánigbófò ọkọ̀ háyà kì í san owó epo tí a ṣì rọ.

Arìnrìnàjò

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Lówùúrọ̀ yìí mo gé ìwé onígun mẹ́rin, mo kọ B7 sí i gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí táǹkì. Èmi àti ìyàwó mi ti fohùn ṣọ̀kan pé n kò ní gbé ọwọ́ pọ́ǹpù kankan mọ́ títí òun á fi ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè létí mi. Sípéènì la ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá Tírélà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé "Gasóleo A" ni wọ́n ń kọ sójú pọ́ǹpù gẹ́lẹ́, àbí orúkọ mìíràn tún wà?

Bàbá Tírélà

Nígbà mìíràn "Diésel" tàbí "Gasoil" lẹ máa rí. Bó bá ti wà nínú onígun mẹ́rin pẹ̀lú B7, ẹ rọ ọ́.