Omikan ni mo fi bọ́ ìpáàrà lára irinṣẹ́ bàbá wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan béèrè ohun tí a lè fi bọ́ ìpáàrà lára irinṣẹ́ àtijọ́. Fínígà àti Coca-Cola ni ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi dárúkọ. Mi ò jiyàn, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́: ásíìdì wà nínú wọn, ásíìdì ló sì ń jẹ ìpáàrà. Ṣùgbọ́n omikan, omi orí ògì, ni èmi lò, kọ́bọ̀ kan ò sì jáde lápò mi.

Nígbà tí agbára bàbá wa ò gbé oko mọ́, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn sínú abà, òjò sì ń jò sí wọn lára láti ojú páànù tó lu. Àdá, ọkọ́, àáké, ayùn, àti sípánà tí wọ́n fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Gbogbo wọn ti dógùn-ún. Àdá pọ́n rúsúrúsú, ìdí rẹ̀ ti wú bí èèpo igi, bí ọwọ́ bá kàn án, á máa rún sílẹ̀.

Ìyàwó mi máa ń ṣe ògì. Omi tó lé sórí ògì tó ti kan, èyí tí àwọn aláàgbo fi ń rẹ egbò igi, ló bù fún mi sínú báàfù oníke. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gírísì àti amọ̀ kúrò lára irin, torí omikan ò lè ráyè dé ibi tí gírísì bá bò. Mo wá ki àdá bọ̀ ọ́, èèkù rẹ̀ wà lókè. Igi tó bá mu omi á wú, á sì sán.

Ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ti dúdú, ìfófòó wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ etí àdá. Mo fi kànìnkànìn onírin ha á, ìpáàrà ń bọ́ bí ẹni bọ́ ẹrẹ̀, ara irin sì yọ. Kò dán o, àwọ̀ eérú ló ní. Àmì tí alágbẹ̀dẹ lù sí ìdí rẹ̀, tí mi ò mọ̀ rí pé ó wà níbẹ̀, hàn ketekete. Ibi tó wú jù ò lọ tán, mo dá a padà sínú omikan tuntun. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bu iyọ̀ sí yá jù ú lọ, òun ni mo fi ṣe sípánà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ọsàn tí yóò bo àdá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibi tí mo dé yìí. Irin tó jáde nínú ohun kíkan, tí a kàn fi omi lásán ṣàn, kó tó gbẹ ni yóò tún pọ́n. Kíkan ṣì wà lára rẹ̀. Omi káún ni mo fi ṣàn án. Omi eérú náà á ṣe é, àwọn ló ń pa kíkan. Mo nù ún gbẹ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì fi òrí pa á kó tó tutù.

Ẹ má ṣe é nínú garawa páànù, kíkan á jẹ síńkì tí wọ́n fi bo ara rẹ̀. Ẹ má sì da blíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ọsàn láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lóró, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Èsì: Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ wa gbádùn. Bí ìpáàrà ò bá tíì jinlẹ̀, mo máa ń la ànàmọ́ òyìnbó sí méjì, màá fi ojú rẹ̀ kan ọṣẹ ìfọ àwo, màá fi ha ọ̀bẹ. Ó ń lọ. Ṣé epo pupa ò lè dípò òrí?

Èsì: Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Epo pupa á ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, á máa lẹ̀, eruku á sì mú un. Fún irin oko, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dára. Ẹ má fi ìyẹn kan ọ̀bẹ ìdáná, òrí ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé ẹran.