Ìdáhùn fún ẹ̀gbọ́n wa lórí gbígbin kale de ìgbà òtútù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fọ́n irúgbìn kale, ẹ̀fọ́ tó jẹ́ ẹbí kábéèjì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní oṣù kọkànlá yìí, kí ẹ lè máa rí ẹ̀fọ́ já títí òtútù yóò fi lọ. Ó ti pẹ́ jù fún tọdún yìí. Ìgbà ooru ni a ti ń gbin ẹ̀fọ́ tí a óò já nígbà òtútù.

Nílé, omi ni ó ń dí wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò Asà, tó sì ń pọn omi sí ebè rẹ̀, yóò já tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ láàárín ọyẹ́, nítorí pé ojúmọmọ Ìlọrin kì í dín sí wákàtí 11 àbọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìmọ́lẹ̀ ni ó wọ́n. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ojúmọmọ kì í pé wákàtí 8, ewéko kò sì lè fi èyí dàgbà, bó ti wù kí ajílẹ̀ pọ̀ tó. Kale tó bá ti tóbi kí oṣù kọkànlá tó dé yóò wà nílẹ̀ bí ọkà inú àká: à ń mú un jẹ ni, kò ní lé sí i títí di oṣù kejì.

Nítorí náà, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni kí ẹ fọ́n irúgbìn sínú ike. Bí ó bá ti ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ lọ́ ọ sórí ebè, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sáàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ sì rì í wọlẹ̀ dé ìdí ewé ìsàlẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ kó le dáadáa, kí ẹ wá di ewé kan mú, kí ẹ fà á. Bí ewé bá ya kí igi rẹ̀ tó mì, ó ti dúró. Ẹ ta àwọ̀n bò ó lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí labalábá funfun yóò wá yé ẹyin sí i nígbà ooru, ẹyẹlé yóò sì wá ṣán an nígbà òtútù.

Ìrì dídì kò lè pa á. Bí ẹ bá rí i láàárọ̀ tí ewé rẹ̀ dorí kodò, tó le gbagidi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá di ọ̀sán, yóò tún nà ró. Òtútù yẹn ni ó ń mú kí ó pọ ṣúgà sínú ewé kí omi ara rẹ̀ má baà tètè dì, ìdí nìyẹn tí ti oṣù kìíní fi ń dùn ju ti oṣù kẹsàn-án lọ. Fún ẹ̀fọ́ rírò, irú kale tí wọ́n ń pè ní Nero di Toscana, tí ewé rẹ̀ gùn, tó sì dúdú, ni mo fẹ́ràn jù, bí a bá ti yọ igi àárín rẹ̀, tí a sì bọ̀ ọ́ díẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Scotland ni kí wọ́n gbin irú kale tí ewé rẹ̀ wé, torí ó fara da òtútù jù ú lọ.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa ti já a, ẹ má ṣẹ́ orí rẹ̀. Yóò yọ ẹ̀ka tuntun ní oṣù kẹta. Ní báyìí, ẹ ro ilẹ̀ tí ẹ kò gbin kábéèjì sí lọ́dún yìí, kí ẹ po ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà mọ́ ọn, kí ilẹ̀ náà lè jókòó dáadáa kí ẹ tó gbìn.