Afàtọ̀sílẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe olùtọrẹ àtọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera ló béèrè ohun tí a ó máa pe ọkùnrin tí ilé ìwòsàn ń gba àtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún tọkọtaya tí kò rí ọmọ bí. Òun fúnra rẹ̀ dábàá "olùtọrẹ àtọ̀". Ẹlòmíràn ní "bàbá àtọ̀". Àǹtí wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́ wá ní kí la ń wá orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, nígbà tí àpọ̀jù ènìyàn ti kún ayé, tí ọmọ tí kò rí ẹni tọ́ ọ sì wà káàkiri. Ìkòròdú lèmi ń gbé, ọmọ ẹja àrọ̀ ni mo ń pa láti inú ẹyin tà, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí lọ́nà méjì.

Kí n kọ́kọ́ mú "olùtọrẹ". Inú "ta lọ́rẹ" ló ti wá. Ohun tí a bá fi ta ènìyàn lọ́rẹ, a kì í gbowó lórí rẹ̀. "Ta" ti ọrẹ, ohùn àárín ni. "Tà" ti ọjà, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Àmì kékeré ló pààlà sí wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé owó ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ síbẹ̀ ní Èkó ń gbà. N kò bá wọn wí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á wo jẹ́nótáìpù wọn torí pé nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà, bí ẹnìkan ló jẹ́ AS, wọ́n á wo kòkòrò HIV, wọ́n á sì fi àtọ̀ náà pamọ́ sínú náítírójìn tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Wàhálà ni, owó sì tọ́ sí wàhálà. Àmọ́ bí owó bá ti wọ̀ ọ́, kí a má fi ọ̀rọ̀ ọrẹ bò ó mọ́lẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin kò ti gbà ju owó gbà-máà-bínú lọ, ẹ lè pè é ní ọrẹ.

Ọrẹ tún ní àbùkù kejì: a kì í padà wá béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ń béèrè. Láti 1985 ni òfin Sweden ti fún ọmọ láyè láti mọ ẹni tí àtọ̀ náà ti ara rẹ̀ wá. Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 2005, kí ọmọ lè béèrè tó bá pé ọdún 18.

"Bàbá àtọ̀" ńkọ́? Èyí ni mo bínú sí jù, ẹ forí jì mí. Àbúrò mi obìnrin kan ní Ìgbógbò, ọdún méje ni wọ́n fi pè é ní àgàn. (Ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́, n kò ní dárúkọ.) Èdè wa ní àgàn fún obìnrin. Fún ọkùnrin, akúra àti òkóbó ló ní, ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò dìde sì ni méjèèjì ń sọ. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tí omi rẹ̀ ń jáde, tí kò sì sí ọmọ nínú omi náà, kò lórúkọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé èsì àyẹ̀wò jáde tó ní "ọkọ yín ò lè bímọ", akúra ni ìyá ọkọ tí wọ́n jọ lọ gbọ́. Ìyá náà já gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní ayé ti ṣe ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí: "Mọ́mì, ara ọmọ yín le. Omi wà, ọmọ inú ẹ̀ ni ò sí." Ìgbà yẹn ló tó dìde. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé rẹ̀ bó ṣe wà.

Wọ́n padà lo àtọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ọkọ àbúrò mi ló ń so okùn bàtà rẹ̀ láràárọ̀, oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ ló fi ń kì í bó bá ń sunkún. Bí a bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá àtọ̀ kan wà níbìkan, bàbá kí ni a ó pe eléyìí? Bàbá ni, láìfi ohunkóhun kún un. Ẹ sì yẹra fún "agbàtọ̀" tí ẹnìkan dábàá fún tọkọtaya. Ohùn ìparí nìkan ló yà á sí "agbàtọ́", ìyẹn ẹni tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ìwé ìròyìn tí kò bá sì fi àmì sí i yóò sọ òbí di ẹni tó ń bá wọn tọ́ ọmọ.

Àǹtí wa ní Ẹ̀pẹ́, mo gbọ́ yín. Ayé pé 8 bílíọ̀nù ní oṣù kọkànlá 2022, ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ ní Mile 12 lásìkò tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kò nílò kí wọ́n kà á fún un. "Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ": ẹnu àwọn àgbà la ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n "jù" ní èdè wa kì í dá dúró. Ohun tó pọ̀ jù, ó pọ̀ ju kí ni lọ? Ju omi lọ ni, àbí ju ilẹ̀ lọ, àbí ju yàrá ìkàwé lọ? Àwa náà kò tíì fẹnu kò lórí iye wa: ní 2006, àwọn tó ka gbogbo Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní 9 mílíọ̀nù, ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ó ju 17 mílíọ̀nù lọ. Ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí ní Nàìjíríà jẹ́ 5.3 nínú ìwádìí 2018, ó sì wálẹ̀ sí 4.8 nínú ti 2023 sí 2024. Ilé àwọn tó ń bí lọ́fẹ̀ẹ́ ni iye yẹn ti wá. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹyọ kan, ṣé òun ni kó san gbèsè ẹni tó bí mẹ́jọ? Lórí gbígba ọmọ tọ́, òótọ́ lẹ sọ, iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ kí a máa sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe fún ẹni tí ojú ń pọ́n nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára ni ibòmíràn. Ní Òdógùnyàn tí mo ti ń pa ọmọ ẹja, a máa gún abo ní abẹ́rẹ́ lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó fún ẹyin rẹ̀ sínú abọ́ gbígbẹ. Akọ ní tirẹ̀, pípa la ń pa á. Èmi á yọ àpò àtọ̀ rẹ̀, máa gé e, máa fún un sórí ẹyin, máa bu omi iyọ̀ díẹ̀ sí i, máa fi ìyẹ́ adìẹ rò ó pọ̀ kí n tó tẹ́ ẹ sórí kàkàbàn, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ ẹyin sí nínú omi. Akọ kan tó abo mẹ́ta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi akọ àti abo tí mo tọ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà ṣe ìran lé ìran, torí pé kò ná mi lówó. Nígbà tó yá, ìrù ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, òmíràn kò sì dàgbà. Ọmọ ìyá ti ń gun ọmọ ìyá.

Ní oṣù kẹrin 2023, ilé ẹjọ́ ní The Hague kọ̀ fún ọkùnrin kan pé kó má fi àtọ̀ sílẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ti lé ní 500. Níbí, alárinà ló máa ń ṣe ìwádìí ìdílé kí ìbátan má baà fẹ́ ìbátan. Kí ni alárinà yóò béèrè ní Agric tàbí ní Ìjẹ̀dẹ́ lágbègbè wa ní Ìkòròdú nígbà tí ìdílé fúnra rẹ̀ kò mọ̀? Ibí ni "àpọ̀jù" ti ní ohun tó jù: ọmọ ẹnìkan pọ̀ ju èyí tí ìlú lè mọ̀ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdílé mẹ́wàá ni ọkùnrin kan lè ṣe é fún, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀. Mo dábàá "gbèdéke ìdílé" fún ìyẹn.

Fún ọkùnrin náà, mo dábàá "afàtọ̀sílẹ̀". Iṣẹ́ rẹ̀, "ìfàtọ̀sílẹ̀". Ẹnìkan yóò ní "fi sílẹ̀" tún jẹ́ kíkọ̀, bí ẹni fi ìyàwó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a tún ń fi owó sílẹ̀ ní báǹkì, ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ sì ni ogún. Ó gba ẹni tó gbowó, ó gba ẹni tí kò gbà, kò sì pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ka ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àbúrò mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó ní, "Tìkẹyìn yìí yé mi. Ó fi sílẹ̀, ó lọ, àwa gbé e." Ó wá ní kí n bi yín: bí ọmọ òun bá dàgbà tó bá pàdé ọkùnrin náà lójúkojú, kí ni kó pè é? "Bàbá" ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. "Bùọ̀dá" kò bọ́ sí i. Kò sì lè pe àgbàlagbà lórúkọ.